Gírídì Ṣubú, Bébà Há Sẹ́nu Máṣíìnì Mi

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ìwé ni mo máa ń báwọn èèyàn tẹ̀, àmọ́ lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tí ẹ gbé jáde ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ò jẹ́ n sinmi, ẹni tó ní kí kálukú lọ ra sólà tiẹ̀, pé gírídì ìjọba, ìyẹn wáyà ńlá tó so gbogbo ibùdó iná ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ilé wa, ti di òkú, ká kúkú sin ín ká gbàgbé ẹ̀. Mo kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan ń pariwo pé bàbá yẹn ti parí ẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sin òkú, ó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan imú ẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí, torí ara òkú yẹn náà ni gbogbo wa ṣì fa wáyà sí.

Ṣómólú ni mo wà. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ìwé títẹ̀ la fi ń jẹun níbí, ẹ bọ́ sí títì Bájùláyé tàbí Ṣípẹ̀olú láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ máa gbọ́ dídún máṣíìnì látinú ilé kékeré-kékeré, ẹ máa rí ọmọkùnrin tó ru bébà lórí tó ń sáré gba àárín kẹ̀kẹ́ màrúwá kọjá, kálẹ́ńdà o, ìwé ìgbéyàwó o, rìsíìtì, pósítà olóṣèlú, ìwé ètò ìsìnkú, kò séyìí tí a kì í tẹ̀. Máṣíìnì tèmi, Heidelberg tòkúnbọ̀ ni, mo rà á káwọn ìbejì mi tó dáyé, àwọn ìbejì náà ti wọ yunifásítì báyìí. Àwọ̀ kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fésì mẹ́ta ló sì ń jẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fésì yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Mọ́ńdè, 14 oṣù kẹwàá 2024, iṣẹ́ ìsìnkú ló wà lórí máṣíìnì. Àwọn ọmọ ìyá àgbàlagbà kan ló gbé e wá, àìsùn Tọ́sìdeè, ìsìnkú Fúràìdeè, ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà, fọ́tò ìyá náà ló gba gbogbo iwájú ìwé. A ti tẹ ìyeyè, a ti tẹ pupa, búlúù la wà lórí ẹ̀, dúdú ló kù. Ó kù díẹ̀ kí aago méje ìrọ̀lẹ́ lù, wọ́n mú iná. Máṣíìnì yẹn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, á fà á wúùùù bí àgbàlagbà tó ń wá ibi jókòó sí, kó sì tó dúró, bébà kan ti wọlé dé ìdajì. Nígbà tí mo fọwọ́ yí rólà láti yọ ọ́, ojú ìyá náà ló wà níbẹ̀, búlúù ti mú apá ọ̀tún, apá òsì ṣì pọ́n bí ẹni tó fi osùn para.

Íńkì kì í dúró de NẸ́PÀ o. Mo mọ̀ pé wọn ò jẹ́ NẸ́PÀ mọ́, wọ́n ti yí i padà ní 2005, wọ́n tún ti ta ọ̀pọ̀ ẹ̀ fáwọn aládàáni ní 2013, àmọ́ ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ṣómólú nígbà tí iná bá dé, "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" ló máa fi fò sókè, ta ló kọ́ ọ? Ohun tí mò ń sọ ni pé tí íńkì bá gbẹ mọ́ rólà lára, odindi ọjọ́ kejì lo máa fi ha á. Ọmọ iṣẹ́ mi di fóònù mú, tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń gbọ̀n, èmi ń fi kẹrosíìnì àti àkísà fọ rólà lọ́kọ̀ọ̀kan. A rò pé ti àdúgbò wa ni, a ti ń bú àwọn tó ń pín in fún wa lọ ràì, àfi bí aládùúgbò mi tó ń gé bébà ṣe yọjú pé ẹ yéé ṣépè jàre, kò síná ní Ìkẹjà, kò síná n'Íbàdàn, kò síná l'Ábújá, gírídì ló ṣubú.

Wọ́n ń tan án padà díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Túsìdeè, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, ó tún ti ṣubú. Láàárọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́fà, tí a bá sì ka gbogbo ọdún 2024 pọ̀, ó lé ní ìgbà mẹ́wàá. Jẹ́ń wà lọ́wọ́ mi o, àmọ́ ai-bẹ́tà-pás kékeré ni, kò lè yí Heidelberg, kò tiẹ̀ lè wò ó lójú, ìgbà yẹn gan-an sì ni pẹtiróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó nǹkan bíi ₦1,000 lítà kan. Ni mo bá gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹ́ń oní dísẹ̀ẹ̀lì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, bébà tó ti wọ máṣíìnì kan tó wá tún lọ wọ òmíràn, kì í jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, àwọ̀ sún, ìyá jáde ètè mẹ́rin. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wá gba iṣẹ́ láàárọ̀ Tọ́sìdeè ò pariwo mọ́ mi. Ó mú ẹ̀dà kan, ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹnu ìyá ẹ̀ bí ẹni pé ó máa kúrò, ó nù ún títí. Ó wá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má wulẹ̀ tún un tẹ̀ mọ́, àyè ò sí." Ìdajì owó ló san, èmi náà ò sì bi í léèrè ìyókù.

Kí ló ń gbé gírídì ṣubú? Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ọ̀tá ló wà ńdìí ẹ̀, àwọn kan ní ọ̀bọ ló gun wáyà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 2016, ọ̀bọ kan já lé tirasífọ́mà ní ibùdó iná kan, gbogbo orílẹ̀-èdè ṣókùnkùn, ọ̀bọ náà ò sì kú. Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ṣiṣẹ́ ńdìí iná títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun ló mú mi dé iwájú tirasífọ́mà títì wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé o rí nǹkan yìí? Bó ṣe ń ṣe yín níbí ló ń ṣe Nàìjíríà."

Gbogbo ará Èkó ló mọ ìtàn yìí láì sí pé wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Fésì mẹ́ta ló jáde lára tirasífọ́mà. Ọ̀kan á jó lálẹ́, fíúsì ẹ̀ á ti gé. Dípò kí àwọn tó wà lórí ẹ̀ ní sùúrù, wọ́n á pe ẹlẹ́kitiríṣíà àdúgbò, á gbé àkàbà, á yí wọn sórí fésì tó níná. Ìdílé mẹ́wàá á kọjá sọ́hùn-ún, ogún á tẹ̀lé e, firíìsà olómi tútù, áyọ̀nù, pọ́ḿpù omi, gbogbo ẹ̀ á ká mọ́ fésì kan. Iná á wá di lo kọ́rẹ́ǹtì, gílóòbù á pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń ronú. Kó tó pẹ́, gbàà! Fésì kejì náà ti lọ. Gbogbo wa pátá á wá sáré bọ́ sórí ẹ̀kẹta, ìyẹn ò tiẹ̀ ní lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fíúsì kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, gbogbo títì ló sùn sínú òkùnkùn, tí a óò sì tún máa dá owó tirasífọ́mà tí kì í ṣe tiwa.

Gírídì náà nìyẹn. Gbogbo máṣíìnì tó ń ṣe iná fún wa, ti Kàǹjì, ti Jẹ́bà, ti Ṣíróró, ti Ẹgbin n'Íkòròdú, ti àwọn ará Delta, ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, iná gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbọdọ̀ yá jù, kò gbọdọ̀ falẹ̀ jù. Tí ọ̀kan bá já kúrò lójijì, ẹrù tó gbé á bọ́ sórí àwọn tó kù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Máṣíìnì tó bá sì ń falẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ máa bàjẹ́, ni òun náà á bá já ara ẹ̀ kúrò kó lè gba ara ẹ̀ là, èkejì á já, ẹ̀kẹta á já. Kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ l'Óṣogbo tó sọ pé háà, ó ti parí. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìdàkejì ni, wáyà ńlá kan á já, àwọn tó ń lo iná á dín kù lójijì, iná tó wà nílẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń jẹ lọ, ìyẹn náà ń pa á.

Mo bi ẹ̀gbọ́n yẹn pé ṣé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i ni. Ó ní ṣé mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé pósí jó. Mẹ́fà ló gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ kì í mú mẹ́fà péré wá, á mú méjì sí i, wọ́n á wọ sùútù kan náà, wọ́n á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láì gbé nǹkan kan. Tí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀, èjìká tuntun ti wà níbẹ̀. Ó ní àwọn méjì yẹn ni gírídì wa ò ní. Spinning reserve làwọn ẹlẹ́ńjíníà ń pè é, máṣíìnì tó ń yí tí kò gbé gbogbo ẹrù tó lè gbé, tó kàn ń dúró de wàhálà. Kí ló dé tí a ò fi ní in tó? Torí pé ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí náà máa gbowó, wọn ò sì ń fẹ́ san owó fún ẹni tí kò gbé nǹkan. Àti pé kí la tiẹ̀ ní tí a máa fi pa mọ́? Ibùdó iná tó wà nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí tó nǹkan bíi 13,000 megawatt, bí wọ́n ṣe ń wọn iná ńlá nìyẹn, lórí bébà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù tí a tíì rí lójú kan náà, oṣù kẹta 2025, kò ju bíi 5,800 lọ, fún àwa tí a lé ní igba mílíọ̀nù. Bó ṣe ń dé la ń jẹ ẹ́ tán, a ò ní nǹkan kan lábẹ́ ẹní.

Ọ̀gbẹ́ni onísólà sọ pé nǹkan báyìí kì í ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Irọ́ ni, kó má bínú. Mọ́ńdè 28 oṣù kẹrin 2025, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn aago méjìlá ààbọ̀ díẹ̀, gbogbo Sípéènì àti Pọtugí ṣókùnkùn pátápátá, reluwéè dúró sínú ihò, ẹ̀rọ ATM kú, wọ́n ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni 15,000 megawatt pòórá. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta gbogbo ohun tí àwa tíì ṣe rí. Owó wọn pọ̀, ẹlẹ́ńjíníà wọn pọ̀, ó sì ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe dìde, Faransé wà lápá òkè, Mòrókò wà lápá ìsàlẹ̀, wáyà so wọ́n pọ̀, àwọn yẹn ló fi iná ta wọ́n jí, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ti padà.

Ẹ wá wo ti Texas l'Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn ti já ara wọn kúrò lára àwọn ìpínlẹ̀ yòókù látọjọ́ pípẹ́, gírídì tiwọn dá wà, wọn ò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ iná wọn. Oṣù kejì 2021, òtútù ńlá kan dé, páìpù àti ẹ̀rọ gáàsì dì, ibùdó iná ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n sì ń wá ẹni tó máa yá wọn níná, wáyà tó so wọ́n mọ́ àwọn aládùúgbò ò tó nǹkan. Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá 37 kí gbogbo gírídì wọn wó tán, ká ní ó wó ni, ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọn ì bá fi máa tún un ṣe. Èèyàn 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fúnra ẹ̀ kà pé ó kú, àwọn míì ń fi jẹ́ń mú ara gbóná nínú ilé, èéfín ẹ̀ pa wọ́n. Ẹ̀yin ará Èkó, ìyẹn ò ṣàjèjì sí yín, àbí ẹ ti gbàgbé iye ìdílé tó ti sùn ti jẹ́ń tí wọn ò jí?

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ gan-an nìyí. Ẹgbin ń bẹ n'Íkòròdú, nínú Èkó níbí, láti bíi 1985, máṣíìnì mẹ́fà, 220 megawatt lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,320 tí gbogbo ẹ̀ bá ń yí, gbogbo ẹ̀ kì í sì í sábà yí torí gáàsì àti torí àgbà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan bá já lọ́nà Ṣíróró, Ẹgbin náà máa ń bá wọn kú ni. Mo lè jókòó ní Ṣómólú, kí n wọ dáńfó dé Ìkòròdú kí ọ̀sán tó pọ́n, ibùdó iná tó tóbi báyẹn wà níbẹ̀, àwa àti òun á sì jọ wà lókùnkùn, à ń dúró dìgbà tí wọ́n máa jí àwọn ti Òkè Ọya tí omi ń yí kí wọ́n tó wá jí tiwa. Ibùdó iná náà ń fẹ́ iná kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ ò rí nǹkan, iná ni wọ́n fi ń tan iná, àwọn tí omi ń yí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dìde fúnra wọn.

Kí ló dé tí kò sí ilẹ̀kùn láàárín? Mi ò ní ká mọ ògiri o, Texas mọ ògiri, a rí ohun tójú wọn rí. Ilẹ̀kùn ni mo ní. Nígbà tí ilé aládùúgbò bá ń jó, o máa ti ilẹ̀kùn, tí iná bá kú o máa ṣí i padà kí ẹ máa yá ara yín níyọ̀. Àwọn ẹlẹ́ńjíníà mọ̀ ọ́n ṣe níbòmíì, wọ́n máa ń já apá kan gírídì kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá, apá yẹn á máa jẹ ohun tó bá ń sè nínú ilé, wọ́n ń sọ ọ́ di erékùṣù fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ erékùṣù, ta ló yẹ kó yé ju ará Èkó lọ?

Ẹnì kan á sọ pé òfin ò gbà á. Ó ti gbà á. Tẹ́lẹ̀, níbi tí gírídì ìjọba àpapọ̀ bá ti dé, ìpínlẹ̀ ò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ iná, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní oṣù kẹta 2023, òfin iná tuntun tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Èkó náà ṣe òfin tiẹ̀ ní oṣù kejìlá 2024, láti oṣù kẹfà 2025 sì ni àjọ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ti gba ìṣàkóso iná Èkó lọ́wọ́ àjọ àpapọ̀. Àǹfààní tí bàbá wa ò ní nìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tan iná ní Marina kí 1900 tó wọlé títí dé àsìkò NẸ́PÀ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpàdé tí mo ti bá wọn tẹ ìwé fún lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ ló dá lórí iye tí yúníìtì kan máa jẹ́. Ó dùn wá lóòótọ́, àbí nígbà tí wọ́n gbé owó yúníìtì Báǹdì A, àwọn tí wọ́n ní iná wọn máa pọ̀ jù, láti ₦68 sí ₦225 lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, ta ni ò pariwo? Wọ́n ní wákàtí ogún lójúmọ́ ni, títì kejì sí tiwa wà níbẹ̀, tiwa ò sí, ẹ wá wo wáyà tí wọ́n ń fà gba orí ògiri lálẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí gírídì bá ṣubú, Báǹdì A ò ju Báǹdì E lọ, ẹni tó san owó Báǹdì A àti ẹni tó fa wáyà jọ ń wá ìṣáná ni.

Ilẹ̀kùn yìí ò rọrùn o, mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Gáàsì tí Ẹgbin ń jẹ, láti Delta ló ti ń gba inú páìpù wá, tí wọ́n bá bẹ́ páìpù, a ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa lórí ìkòkò òfìfo nìyẹn. Wáyà ńlá-ńlá náà ṣì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Èyí tó wá le jù ni pé ohun tí Èkó ń jẹ ju ohun tí Ẹgbin lè sè lọ fíìfíì, nítorí náà lọ́jọ́ tí a bá já ara wa, ìṣẹ́jú àáyá yẹn náà la gbọ́dọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ fídà, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Èkó fúnra ẹ̀ á wó bíi fésì mẹ́ta títì wa. Fídà ta ni wọ́n máa pa? Ibẹ̀ lẹnu ti ń wọlé. Ilé ìwòsàn kò ní ṣòro, gbogbo wa gbà. Àmọ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ṣé Ìkòyí ló máa tàn kí Múṣín ṣókùnkùn, ṣé àwọn tó ní sólà lórí òrùlé ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa torí pé wọ́n lè fara dà á, àbí àwọn tí kì í pariwo? Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta nísinsìnyí tí iná ṣì wà, kí wọ́n kọ orúkọ fídà sílẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, èmi á bá wọn tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni onísólà. Sólà dára jàre, èmi náà ní panẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lórí páànù ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń gbé kọ̀ǹpútà, fáànù àti gílóòbù, mò ń dúpẹ́. Ó fẹ́ kí n gbé Heidelberg sórí ẹ̀, kó wá ka iye bátìrì tí mo máa rà. Kó tún lọ sí ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ ní Bàrígà, yàrá méjìlá, páànù kan, láńlọ́ọ̀dù ò sí nílé, ta ló máa gbé panẹ́ẹ̀lì sókè, ta ló máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ tó bá ń kó jáde? Tí gbogbo ẹni tó lówó bá sì ti kúrò lórí gírídì, àwọn tí kò lówó ló kù tó máa máa san owó òpó, owó wáyà àti owó òṣìṣẹ́, yúníìtì á tún gbówó lórí, àwọn míì á tún sá. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló kọ́ wa, bílíọ̀nù ₦10 ni wọ́n fi sínú ìṣúná 2025 láti gbé sólà sí ilé ààrẹ l'Ábújá. Bí baálé ilé bá ti ń lọ jẹun ní búkà, ta ló máa bá ìyáálé wí pé ọbẹ̀ ò dùn?

Àwọn tó ń gé wáyà náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní lè sọ gbogbo ẹ̀. Oṣù kẹwàá kan náà tí mò ń sọ yẹn, wọ́n ba wáyà ọ̀nà Ṣíróró sí Kàdúná jẹ́, ó lé lọ́sẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Ókè Ọya fi wà lókùnkùn. Títì tiwa náà, wọ́n gé kébù tirasífọ́mà wa nínú òjò, a wá ń san owó mẹ́gáàdì fún irin. Ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú gbára lé, tí ọ̀bẹ ọmọ kan pẹ̀lú bàtà rọ́bà lè pa!

Olóòtú mi, ẹ̀yin lẹ ní ẹnu ọ̀nà tí àwa ò ní. Ẹ bá wa bi ìjọba Èkó àti àjọ iná tuntun wọn, ṣé ètò wà láti já Èkó kúrò nígbà tí gírídì bá ń ṣubú, ta ló ń san owó àwọn méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, fídà wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa. Tí wọ́n bá ní ó ti wà nílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Tí ẹ bá sì máa tẹ lẹ́tà yìí, mo mọ̀ pé ó gùn, atẹ̀wé ni mí, mo mọ bí ojú ewé ṣe ń há, ẹ lè gé ti ọ̀bọ kúrò, ẹ lè gé ti Sípéènì, àmọ́ ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ Ẹgbin. Alága àwọn onílé títì wa ti ní òun máa kà á sókè ní ìpàdé Sátidé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó mẹ́gáàdì.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, atẹ̀wé,
Ṣómólú, Èkó